Ohun tí mo máa ń bèèrè kí n tó sọ pé ADHD ni

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan jókòó síwájú mi, ó káwọ́ sórí itan, ó ń wo tábìlì mi bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́rìí ní kóòtù. Fún ogójì ìṣẹ́jú, kò yí ìdí padà. Ìyá rẹ̀ ló ń làágùn. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé ọmọ náà ti gun kọ́bọ́ọ̀dù já bọ́, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ bàtà nù láàárín táàmù kan, pé tíṣà méjì ti ní àwọn ò fẹ́ ẹ ní kíláàsì àwọn mọ́. Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò parọ́ mọ́ ọn o. Ẹ jẹ́ ká délé ná."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pe ọmọ náà ní Àlàbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ADHD, ìyẹn àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kì í dúró lójú kan, tàbí tí ara wọn kì í gbélẹ̀, tàbí tí méjèèjì pọ̀ fún, ló máa ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ níwájú dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ṣàjèjì sí wọn, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà wọ́n, ẹnì kan ṣoṣo ló sì dojú kọ wọ́n. Ẹ gbé géèmù orí fóònù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, á fojú sí i títí bátìrì á fi kú. Ìgbà yẹn làwọn bàbá á wá sọ fún mi pé, "Ṣé ẹ rí i? Ìgbà tó bá wù ú ló máa ń gbọ́." Géèmù ń san èrè fún ọmọ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, òun fúnra rẹ̀ ló ń di ọmọ mú. Ibi tí agbára á ti tán ni ibi iṣẹ́ tó ń súni, tí kò sì lérè lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo ń kó jọ, èyí tí mo bá fojú ara mi rí nínú ọ́fíìsì ni mo máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ADHD hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fọ́tò ọpọlọ tó ń fi í hàn. Àwọn òbí ti kó fíìmù ọpọlọ wá bá mi, èyí tí wọ́n fi owó ilé ìwé táàmù kan yà, inú mi a sì bàjẹ́, nítorí kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Bákan náà ni ti àwọn tó ń sọ pé ká fún ọmọ lóògùn ADHD ká wò ó, pé bó bá ti ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ADHD ni. Oògùn yẹn lè mú kí ẹni tí kò ní ADHD rárá fojú sí ìwé dáadáa. Kò ṣeé fi jẹ́rìí.

Ohun tí à ń lò ni ẹ̀rí ẹnu àti ẹ̀rí ìwé, láti ọ̀dọ̀ ènìyàn tó ju ẹyọ kan lọ. Ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, DSM-5, to àmì 18 sílẹ̀: mẹ́sàn-án jẹ mọ́ àìlèfọkànsí, mẹ́sàn-án yòókù jẹ mọ́ àìlèjókòó àti ìwàǹwára. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, mẹ́fà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì. Ẹni tó ti pé 17, márùn-ún tó. Ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù mẹ́fà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12. Ó gbọ́dọ̀ hàn ní ibi méjì, ilé àti ilé ìwé fún àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ máa pa ọmọ lára: kó máa fà á sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́, kó máa lé ọ̀rẹ́ sá fún un, tàbí kó máa fi í sínú ewu. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn tó ń ṣe ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ wọn máa ń fò. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá gágá, tó ń ṣe dáadáa ní kíláàsì, tó sì lọ́rẹ̀ẹ́, kò ṣàìsàn kankan.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù kò sí nínú fọ́ọ̀mù òyìnbó. Mo máa ń bi ìyá pé, "Màmá, tí ẹ bá rán an níṣẹ́ méjì pọ̀, mélòó ló ń dé?"

Ìgbà tí mo bi ìyá Àlàbí, ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá òun rán an lọ ra iyọ̀ àti àbẹ́là níwájú ilé, kó sì gba ṣéńjì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló yẹ kó gbà. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, àbúrò rẹ̀ lọ wá a, ó sì bá a lọ́dọ̀ fọkanáísà, ó lóṣòó ti ọkùnrin náà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ki túùbù bọ omi láti mọ ibi tó ti ń jò. Iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣéńjì wà lọ́wọ́ ẹni tó ta iyọ̀. Àbẹ́là? "Àbẹ́là wo?" ló dáhùn. Ìyá nà án. Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sunkún lọ́wọ́ ló tún ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lẹ túùbù fún òun.

Mo bi í pé ti àbúrò ńkọ́. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni, iṣẹ́ mẹ́ta lòun máa ń rán an pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń dé. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Kò sí ọmọ tí kì í gbàgbé nǹkan. Ẹgbẹ́ ọmọ la fi ń wọn ọmọ: ṣé tirẹ̀ ti ju ti ojúgbà rẹ̀ lọ, ṣé ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́?

Fọ́ọ̀mù náà wà ṣá o. Èyí tí wọ́n ń pè ní Vanderbilt ni mo sábà máa ń lò fún àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti òbí lọ́tọ̀, ti olùkọ́ lọ́tọ̀. Oókan-oókan la máa fi nọ́ńbà sí: òdo fún èyí tí kì í ṣẹlẹ̀, 1 fún ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 2 fún lemọ́lemọ́, 3 fún gbogbo ìgbà. Èyí tó bá gba 2 tàbí 3 nìkan là ń kà mọ́ àmì. Mo máa ń jókòó ti òbí ka ti wọn sétí wọn ní Yorùbá, nítorí bí ẹ bá fi ìyá tí inú ń bí sílẹ̀ pẹ̀lú bírò, 3 ni gbogbo rẹ̀. Ti olùkọ́ ló le jù. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ ọmọ tó lé ní àádọ́ta fa ìlà kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀ lórí 3, ó fọwọ́ sí i, ó dá a padà. Mi ò bínú sí i. Mo pè é lórí aago lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé ìwé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbàgbé fọ́ọ̀mù, ẹ sọ bó ṣe ń ṣe fún mi." Àlàyé tó ṣe fún mi níṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níye lórí ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọmọ tí ilé ní ó burú, tí ilé ìwé ní kò ṣe nǹkan kan, ó yẹ ká wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ná.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń bèèrè ìwé ọmọ, èyí tó wà nínú báàgì gan-an, ká má wulẹ̀ kọ́kọ́ tún un ṣe. Mo lè fi ìdajì wákàtí ka ìwé ìṣirò kan. Nínú ti Àlàbí, ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ péye, ọwọ́ ìkọ̀wé sì dára. Nínú ìkẹrin, àmì ìyọkúrò ló wà níbẹ̀, ó sì ròpọ̀. Ìròpọ̀ ọ̀hún gan-an kò lábùkù. Ìkarùn-ún, ó da ìbéèrè kọ dé ìdajì. Níbi tó yẹ kí ìkẹfà wà, ọkọ̀ tańkà kan ló yà síbẹ̀, táyà rẹ̀ pé. Ọmọ tí kò mọ ìṣirò kì í kùnà báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀ ti ń dàrú. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, epo ló tán lójú ọ̀nà.

Kí n tó fọwọ́ sí i, mo gbọ́dọ̀ wá àwọn nǹkan mìíràn tó ń fara jọ ADHD, níbí ni mo sì ti rò pé àwa oníṣègùn máa ń kánjú jù. Mo ní kí wọ́n yẹ etí àti ojú wò. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún láti kékeré lè má gbọ́ ìdajì ohun tí tíṣà ń sọ, wọ́n á sì ní kì í fetí sílẹ̀. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀: ọmọ á kàn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Òun nìkan ni mo máa ń tìtorí rẹ̀ ní kí wọ́n lọ yẹ iná ọpọlọ wò. Ọmọ tó ń hanrun ní gbogbo òru, tí ẹran ọ̀fun rẹ̀ wú, oorun ò tó o. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ jókòó nídìí àtẹ títí di aago mọ́kànlá alẹ́, oorun ò tó òun náà. Mo máa ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ SS, nítorí ó lè dí iṣan inú ọpọlọ ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo máa ń bèèrè bóyá wọ́n ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ ládùúgbò, nítorí òjé inú rẹ̀ lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Mo máa ń bèèrè ẹni tó kú, ẹni tó kó jáde nílé, ẹni tó ń na ọmọ.

Mo tún máa ń bèèrè ọjọ́ orí àwọn tó kù ní kíláàsì. Ìwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti fi hàn pé àwọn ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì ni wọ́n ń pè ní oní-ADHD jù. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, a fẹ́ràn kí ọmọ fo kíláàsì. Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ jù ú sáàárín àwọn ọlọ́dún mẹ́wàá, ẹ tún wá ń ṣe háà pé kì í jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń ṣe.

Ìgbà kẹta ni bàbá Àlàbí tó wá. Ó ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ṣé ẹni tó kọ ọ́ mọ òun ní kékeré ni. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ADHD máa ń rìn nínú ẹbí púpọ̀, mo sì máa ń bèèrè ìtàn bàbá, ìyá, àti àwọn arákùnrin ìyá. Ìyá àgbà ló sábà máa ń rántí jù.

Ti àwọn ọ̀dọ́ yàtọ̀. Ọmọ ọdún 15 kì í gun kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ara ò ti balẹ̀. Ó ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń sún iṣẹ́ síwájú títí di òru ọ̀la-nìdánwò. Àwọn ọmọbìnrin ni a ń gbàgbé jù, nítorí wọn kì í da kíláàsì rú: ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á gbójú sóde, wọ́n á pè wọ́n ní ọ̀lẹ títí WAEC á fi dé. Fún ọ̀dọ́, mo máa ń ní kí òbí jáde fún ìgbà díẹ̀. Màmá kan kọ̀, ó ní kò sóhun tí ọmọ òun fi pa mọ́ fún òun. Mo ní, "Mo mọ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú ogún péré." Ní ìṣẹ́jú ogún yẹn ni mo ń bèèrè igbó, kólórádò, tramadol, ẹni tó ń fìtínà rẹ̀ nílé ìwé, bóyá ó sì ti ń rò ó pé kóun má wà láyé mọ́. Mo ń kọ́kọ́ sọ fún un pé ohun tó bá sọ á wà láàárín wa, àyàfi èyí tó bá lè gbẹ̀mí rẹ̀ tàbí tó bá lè pa ẹlòmíràn lára. Tó bá jẹ́ pé ọdún 14 ni gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ripọ́ọ̀tù káàdì àtijọ́ mọ́ gaara, ìbànújẹ́ ọkàn, ẹ̀rù tàbí oògùn olóró ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Fún ẹ̀yin tó wà ní Bìrìtìkó: GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò tí ẹ kọ́kọ́ ń rí, kò ní sọ pé ADHD ni, ó máa fi ọmọ ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin á sì sọ pé kò sí wàhálà kankan nílé. Ẹ rántí pé ibi méjì la sọ. Tí ẹ bá bo ti ilé mọ́lẹ̀, ẹ̀rí ọ̀hún kò ní pé.

Níbí, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ọpọlọ Árò ní Abẹ́òkúta àti ẹ̀ka àwọn ọmọdé ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, èyí tó wà ní Òṣòdì, ń rí àwọn ọmọ. Orúkọ Árò máa ń ba àwọn ará ilé lẹ́rù, mo mọ̀. Ẹ wí fún wọn pé ọmọ ń lọ rí dókítà. Ẹ kó ìwé ọmọ dání bó ṣe wà, pẹ̀lú ripọ́ọ̀tù káàdì láti Primary 1 tí ẹ bá ṣì rí i, nọ́ńbà fóònù olùkọ́ kan tó mọ̀ ọ́n, àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ tí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má retí èsì lọ́jọ́ kan; ẹ̀ẹ̀mẹta la pàdé lórí ọ̀rọ̀ Àlàbí. Ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fún un lóúnjẹ òwúrọ̀, ẹ má sì halẹ̀ mọ́ ọn pé dókítà á gún un lábẹ́rẹ́ tí kò bá jókòó.