Oko Ìwádìí Amani, Níbi Tí Ẹ̀gẹ́ Àgíríìkì Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹni tó bá gun òkè Usambara, lápá Tanga ní Tanzania, títí tó fi ga tó nǹkan bíi mítà 900, yóò bá àwọn ilé àtijọ́ kan pàdé nínú ìkùukùu. Amani lorúkọ ibẹ̀. Àlàáfíà ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Swahili. Ìwé ṣì wà lórí pẹpẹ, ìgò àyẹ̀wò ṣì tò lórí tábìlì, òṣìṣẹ́ díẹ̀ ṣì ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó ń lò wọ́n ti lọ. Àwọn igi nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀kan nínú èyí tí òyìnbó gbìn síbẹ̀, Maesopsis, ti jáde kúrò nínú ọgbà, ó ń gba ilẹ̀ mọ́ àwọn igi onílé lọ́wọ́ nínú igbó.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Gààrí ni.

Àwọn ará Jámánì ló dá Amani sílẹ̀ lọ́dún 1902, nígbà tí ilẹ̀ náà wà níkàáwọ́ wọn. Kì í ṣe nítorí oúnjẹ àgbẹ̀ o. Rọ́bà, kọfí, igi kínínì, ohun tí yóò pawó wọlé fún wọn ni wọ́n ń dán wò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ọ̀nà òkun dí mọ́ wọn, èèpo igi Amani ni wọ́n fi ń ṣe kínínì fún àwọn ọmọ ogun wọn. Lọ́dún 1916 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìparí àwọn ọdún 1920 ni iṣẹ́ tó tún gbóná.

Àrùn kan ń bá ẹ̀gẹ́ agbègbè yẹn jà. Ará Jámánì kan, Warburg, ti kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1894. Ẹni tó bá dáko ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ ọ́n: ewé á lọ́, á wúnjọ, á pọ́n lábala-ábala, igi ò ní ga, ìdí rẹ̀ ò sì ní ta. H. H. Storey, onímọ̀ àrùn ohun ọ̀gbìn tó dé Amani lọ́dún 1928, àti Nichols, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, fi hàn lọ́dún 1938 pé eṣinṣin funfun wíńwíń tó máa ń bà sábẹ́ ewé ló ń gbé e kiri. Àgbẹ̀ náà ń bá a gbé e: igi tó gé lára ẹ̀gẹ́ aláìsàn láti fi gbìn, àrùn ti wà nínú rẹ̀.

Oògùn ò sí. Wọ́n bá wá ìbátan ẹ̀gẹ́ lọ, wọ́n sì rí i nítòsí: igi rọ́bà Ceará, tí wọ́n ti kó wá láti Bràsíl nítorí rọ́bà. Igi gogoro ni, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹ̀gẹ́ ni, àrùn náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Wọ́n pinnu láti so àwọn méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Wọ́n á fi àpò aṣọ kékeré bo òdòdó abo kí oyin má baà dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Tó bá là lọ́sàn-án, wọ́n á já òdòdó akọ, wọ́n á fi ra á lórí, wọ́n á tún bò ó padà. Gbogbo làálàá yẹn, kóró mẹ́ta péré ni èso kan ń ní.

Ọmọ àkọ́kọ́ ò sì dára. Ó jọ igi ju ẹ̀gẹ́ lọ, gbòǹgbò rẹ̀ ò yá ní jíjẹ. Wọ́n tún mú ọmọ náà padà sọ́dọ̀ ẹ̀gẹ́, wọ́n mú ọmọ-ọmọ padà, títí tí gbòǹgbò fi ń di gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ tí agbára igi yẹn sì wà lára rẹ̀. Èmi ò mọ ẹni tí mo lè fún nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí tí kò ní sá.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó olú ibùdó ìwádìí oko lọ sí Muguga, nítòsí Nairobi. Àwọn tó ń ṣèwádìí ibà wọ àwọn ilé Amani. Jennings, tó gba iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ náà lẹ́yìn Nichols, bá a lọ títí di 1957, wọ́n sì pa á tì.

Ṣùgbọ́n irúgbìn ti kúrò níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, kóró láti ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ yẹn, èyí tí wọ́n pè ní 5318/34, dé Moor Plantation, oko ìwádìí ìjọba n'Íbàdàn. Nínú àwọn tó hù níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣa ọ̀kan, 58308. Àrùn ò rí i mú, àmọ́ kò ta tó bó ṣe yẹ, ó sì jókòó síbẹ̀.

Lọ́dún 1971, ọmọ Korea kan, Sang Ki Hahn, dé IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1967. Kò pẹ́ tí àrùn mìíràn, tó ń jó ewé ẹ̀gẹ́, tó ń pa á látorí wálẹ̀, fi gba oko káàkiri. 58308 ò gbà fún ìyẹn náà. Hahn so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ Bràsíl kan tó ń ta dáadáa, Branca de Santa Catarina, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gẹ́ tuntun tí wọ́n pè ní TMS 30572 ti jáde, tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kí àwọn ọdún 1970 tó parí.

Nọ́ńbà yẹn ò wọ ẹnu ẹnikẹ́ni lóko. Àgíríìkì ni wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Ọkọ Ìyàwó tí bàbá wọn ń gbìn, wọ́n sì ń gé igi rẹ̀ fún ara wọn láti oko dé oko. Àwọn ará Ìkirè fi Hahn joyè Sérìkí Àgbẹ̀.