Blu-ray àti HD DVD: Ìdajì Mílímítà Tó Pín Wọn Níyà

Láàárín ọdún 2006 sí 2008, oríṣi àwo méjì ló ń du ipò DVD: HD DVD, tí Toshiba àti NEC gbé kalẹ̀, àti Blu-ray, tí Sony, Panasonic, Philips àti àwọn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà làwọn àwo méjèèjì. Wọ́n fẹ̀ ní mílímítà 120, wọ́n nípọn ní mílímítà 1.2, lésà aláwọ̀ búlúù tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn ní nànómítà 405 ni àwọn méjèèjì sì ń lò. Ohun tó yà wọ́n ni bí ibi tí wọ́n kọ dátà sí ṣe jìn sí ojú àwo: mílímítà 0.6 nínú HD DVD, 0.1 nínú Blu-ray. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun yòókù ti ṣẹ̀ wá, látorí bí fíìmù tó lè gbà ṣe pọ̀ tó dórí owó tí ilé-iṣẹ́ máa ná.

Kòtò kéékèèké tó tò tẹ̀ léra lórí ìlà tó ń yí po ni dátà inú àwo. Lésà á tàn sí wọn, ìmọ́lẹ̀ tó bá padà wá ni ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí kòtò wà. Bí ojú ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe kéré tó ni kòtò àti ìlà ṣe lè kéré tó, bí ìgbà tí èèyàn fi gègé ẹlẹ́nu tín-ín-rín kọ̀wé sórí ìwé kan náà. Nǹkan méjì ló ń sọ ọ́ di kékeré: àwọ̀ lésà, àti agbára tí lẹ́ńsì fi ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní NA. Lésà pupa DVD jẹ́ nànómítà 650, NA rẹ̀ sì jẹ́ 0.60. HD DVD fi tirẹ̀ sí 0.65, Blu-ray gbé e dé 0.85. Ìdí nìyẹn tí ìpele kan, ìyẹn ojú kan tí wọ́n kọ dátà sí, nínú Blu-ray fi ń gba GB 25, tí ti HD DVD sì ń gba 15.

Kí ló dé tí HD DVD kò gbé NA tirẹ̀ sókè? Kò sí àwo tó tẹ́ pẹrẹsẹ tán; bó ṣe ń yí, á máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ojú ìmọ́lẹ̀ á sì fẹ̀ jù. Bí NA bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ yìí á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bá sì ṣe nípọn tó ló tún ń le sí i. Ẹni tó bá fẹ́ 0.85 gbọ́dọ̀ dín ike náà kù.

Toshiba kò fẹ́ dín in, ìdí rẹ̀ sì lágbára. Ike méjì onímílímítà 0.6 tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni DVD, bẹ́ẹ̀ náà ni HD DVD, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ DVD lè tún ẹ̀rọ tó ní lọ́wọ́ ṣe. Ti Blu-ray gba ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ ike onímílímítà 1.1, wọ́n á da ike olómi sórí rẹ̀, wọ́n á yí i kíkankíkan kó lè tàn ká, wọ́n á wá tan ìtànṣán ultraviolet sí i kó lè gan. Bó bá nípọn níbì kan ju ibòmíràn lọ, lẹ́ńsì kò ní ríran dáadáa. Onípele méjì tún wá le jù. Orí àwo onípele kan, GB 25, ni àwọn fíìmù Blu-ray àkọ́kọ́ wà, pẹ̀lú MPEG-2, ọ̀nà àtijọ́ láti fún fíìmù pọ̀ tó ń jẹ àyè púpọ̀, nígbà tí HD DVD ti ń lo àwo onípele méjì, GB 30, àti VC-1, ọ̀nà tuntun tí kì í jẹ àyè tó bẹ́ẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé àwòrán ọ̀pọ̀ wọn kò tó ti HD DVD.

Eruku àti ibi tí nǹkan bá ti họ lójú àwo náà dá kún un. Níbi tí lésà ti wọ ojú HD DVD, ìmọ́lẹ̀ náà fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mílímítà, nítorí náà eruku kan kò lè dí i tán. Ti Blu-ray kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà 0.13 lọ, ibi kékeré tó họ sì lè bo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àwo Blu-ray tó kọ́kọ́ jáde ní Japan lọ́dún 2003 wà nínú páálí ike tí ẹ̀rọ ń gbé mì pẹ̀lú wọn. Ike líle tí ilé-iṣẹ́ TDK ṣe fún ojú àwo ló jẹ́ kí wọ́n lè bọ́ páálí náà kúrò.

Kì í ṣe lẹ́ńsì ló parí ìdíje náà, àwọn tó ni fíìmù ni. Ẹ̀rọ Toshiba jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí dọ́là 500, ẹ̀rọ Blu-ray àkọ́kọ́ ti Samsung sì jẹ́ 1,000. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, Sony fi Blu-ray sínú PlayStation 3, ẹni tó ra ẹ̀rọ eré sì ti ra ẹ̀rọ fíìmù. Microsoft ta ẹ̀rọ HD DVD fún Xbox 360, ẹ̀rọ eré tirẹ̀, lọ́tọ̀, ní dọ́là 200. Ẹni tí kò wá a kò rà á. Ilé-iṣẹ́ fíìmù Paramount bọ́ sọ́dọ̀ HD DVD nìkan ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, àmọ́ Warner, ilé-iṣẹ́ fíìmù mìíràn, kéde ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2008 pé Blu-ray nìkan lòun máa ṣe. Walmart, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé e lóṣù kejì, Toshiba sì kéde ní ọjọ́ 19 oṣù náà pé òun ti jáwọ́.

Ẹni tó bá ń ra àwo àtijọ́ báyìí, kó wo àwọ̀ páálí: pupa ni ti HD DVD, búlúù ni ti Blu-ray. Ẹ̀rọ Blu-ray lásán kò lè ka HD DVD, àyàfi àwọn ẹ̀rọ onímejì díẹ̀ tí LG àti Samsung ṣe. Kó tún wo lẹ́tà agbègbè lẹ́yìn páálí Blu-ray. Nàìjíríà àti Britain jọ wà ní B. Amẹ́ríkà wà ní A, àwo tí wọ́n bá sì tì mọ́ A kò ní ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ agbègbè B. HD DVD kò ní ìtìmọ́ agbègbè kankan.