Bọ́dì fíílà kì í dí ihò: ohun tó ń jẹ páànù píkọ́ọ̀pù àtijọ́

Bí ẹ bá ra píkọ́ọ̀pù àtijọ́, irú Chevrolet tàbí Ford tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1950, ẹ ò ní pẹ́ rí ibi tí páànù rẹ̀ ti jẹ. Ẹ óò fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ìka á sì wọlé. Ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ dé etí ẹni ni pé: "Há ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, fi bọ́dì fíílà dí i, fi sáńdípépà yún un kó jọ̀lọ̀, kùn ún. Ó parí." Lọ́jọ́ tí ẹ bá kùn ún, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ lóòótọ́. Ó di ìgbà tí òjò bá rọ̀ díẹ̀ kí àṣírí tó tú.

Ìpáàrà tó dá irin lu kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Ìta là ń fọ̀, ìta là ń kùn, ìta náà là ń wò. Ṣùgbọ́n inú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ṣófo, bẹ́ẹ̀ náà ni igun ẹ̀yìn ilé awakọ̀ àti irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Omi òjò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, àwọn tó ṣe ọkọ̀ sì mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lu àwọn ihò kéékèèké sísàlẹ̀ kó lè ṣàn jáde. Tí ẹrẹ̀ àti ewé gbígbẹ bá ti dí àwọn ihò yẹn, ọ̀rinrin á fara mọ́ irin fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀dà ò fi bẹ́ẹ̀ dé inú ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, irin ayé ìgbà náà ò sì ní síńkì lára bíi tòde òní. Ikú ilé ló ń pa páànù yẹn. Nígbà tí ihò tó tó orí ìṣó bá fi máa hàn níta, inú lè ti jẹ tó àtẹ́lẹwọ́.

Kí wá ni fíílà fúnra rẹ̀? Oje oníkẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní polyester ni, tí wọ́n po pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta talc. Hádínà díẹ̀, bí ìdá 2 nínú 100, ló ń mú un le. Lẹ́búlẹ́bú yẹn máa ń fa omi. Tí ẹ bá fi dí ihò, omi tó wà lẹ́yìn á máa wọ̀ ọ́ lára, á sì máa fà á lọ sára irin tó kù. Ìpáàrà tún máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, nítorí náà ó ń ti fíílà síta díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà á kọ́kọ́ lé ròrò, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á ṣí kúrò bí èépá egbò.

Orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí ohun tí ń dí àyè lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Iṣẹ́ fíílà ni láti mú ojú irin tó yè, tí wọ́n ti fi òòlù tún ṣe, tẹ́jú, kó má sì nípọn ju bíi mìlímítà 3 lọ. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń sọ pé ọ̀gá gidi kì í fọwọ́ kan fíílà rárá. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó dé láwọn ọdún 1950, òjé ni wọ́n ń yọ́ lé ojú irin, kódà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Òjé yẹn ṣì lè wà lábẹ́ ọ̀dà píkọ́ọ̀pù yín, eruku rẹ̀ sì lóró, torí náà ẹ má yún un láìfi ìbòmú tó dáa bo imú.

Ohun tó ń wo ihò sàn ni kí ẹ gé irin náà títí tí ẹ ó fi dé ibi tó ń dán, tí kò sì tíì fẹ́lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí gé àwòṣe, kí ẹ tó gé páànù tuntun tí nínípọn rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, ìyẹn bíi mìlímítà 1. Tó bá di wẹ́ẹ̀dì, ẹ tò ó ní kán-ń-kán, kán-ń-kán: ọ̀kan níbí, èkejì lápá ọ̀hún, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Ẹni tó bá fà á lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á rí i pé ooru á ká páànù náà kò. Àwọn tí ń lẹ páànù lé orí ihò láìgé èyí tó ti bàjẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá, torí omi á tún ríbi sá sí láàárín irin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀ o: nínú àwọn píkọ́ọ̀pù kan láyé ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ìjókòó gan-an ni táńkì epo wà, nítòsí igun tó máa ń jẹ jù. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá kí iná wẹ́ẹ̀dì tó tàn.

Lẹ́yìn wẹ́ẹ̀dì, ẹ yún ojú rẹ̀, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy sí i, fíílà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè wá tẹ̀ lé e. Inú lọ́hùn-ún ni kí ẹ má gbàgbé: ẹ fọ́n ìda sí i kí omi má bàa kan irin, kí ẹ sì la àwọn ihò omi. Ní ti àwọn oògùn olómi tí wọ́n ń kùn lé ìpáàrà, wọ́n wúlò fún èyí tó ṣì wà lójú irin, wọn ò lè dá irin tó ti jẹ tán padà.

Bí ẹ ò bá tíì ra ọkọ̀ náà, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, kí ẹ fi wọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti àwọn igun. Níbi tí kò bá ti dì mọ́ ọn, fíílà tó nípọn tàbí òjé ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn, kí ẹ sì fi owó iṣẹ́ páànù kún un kí ẹ tó dá iye kankan lé ọkọ̀ náà.