Free-flow: nígbà tí régúlétọ̀ amòòkùn kò bá panu dé mọ́

Ẹ̀rù tó máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa mímòòkùn nínú òkun ni pé afẹ́fẹ́ lè tán mọ́ wọn nímú nísàlẹ̀. Àwọn tó ń mòòkùn níbi tí òkun ti tutù mọ ìdààmú mìíràn: kí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú wùùwùù láti inú régúlétọ̀, ẹ̀rọ tí amòòkùn kì bọnu láti fi mí, kó má dáwọ́ dúró. Free-flow ni wọ́n ń pè é. Yìnyín ló sábà máa ń fà á, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti gbin yìnyín náà, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kan omi.

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì sínú sílíńdà tí amòòkùn gbé kọ́ ẹ̀yìn lágbára tó nǹkan bíi bar 200, ìyẹn ìlọ́po 200 afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí. Kò sí ẹ̀dọ̀fóró tó lè gba irú rẹ̀. Régúlétọ̀ ló ń bá wa rọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń rọ̀ ọ́. Apá kìíní, tó wà lórí sílíńdà, á sọ ọ́ di nǹkan bíi bar 10 lé lórí agbára omi tó yí amòòkùn ká. Apá kejì, èyí tó wà lẹ́nu, á mú ìyókù wálẹ̀ títí yóò fi bá ti omi dọ́gba. Fáàfù kékeré kan wà nínú rẹ̀: o fà á, ó ṣí, o dákẹ́, ó padé. Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ló gbé irú rẹ̀ jáde nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1943. Régúlétọ̀ tí Gagnan ṣe fún mọ́tò tó ń fi gáàsì rìn, nígbà tí ogun sọ epo dọ̀wọ́n, ni wọ́n tún ṣe. Nítorí náà, ìbátan ni òun àti régúlétọ̀ gáàsì ìdáná.

Ẹni tó bá ti fi páǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí á mọ̀ pé ìdí páǹpù máa ń gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a bá kì mọ́lẹ̀ ń gbóná, èyí tí a bá tú sílẹ̀ ń tutù. Gbogbo ìgbà tí amòòkùn bá mí ni afẹ́fẹ́ ń já bọ́ láti 200 sí nǹkan bíi 10 nínú apá kìíní, ó sì lè mú irin ibẹ̀ tutù kọjá 0°C. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, òun ni yóò máa yá irin náà. Omi tí òun fúnra rẹ̀ ò ju 4°C lọ ò ní ooru tó pọ̀ láti fi tọrẹ. Òdiwọ̀n EN 250 ti ilẹ̀ Yúróòpù ka omi tí kò tó 10°C sí omi tútù, 4°C ni wọ́n sì ti ń dán régúlétọ̀ omi tútù wò. Jíjìn omi tún ń dá kún un: ní mítà 30, èémí kan ń gba afẹ́fẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tó ń gbà lókè, òtútù náà sì ń pọ̀ sí i.

Ẹ wá wo inú ọkọ̀ rọ́bà kékeré kan láàárọ̀ ọjọ́ òtútù. Ìgbì ń mì ín, omi ń ta sára ẹrù, atẹ́gùn tó ń fẹ́ tutù ju òkun lọ. Ẹnì kan ti wọ ìbọ̀wọ́ nínípọn, ó ki régúlétọ̀ bọnu, ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tẹ bọ́tìnì iwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tú fùù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ti yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n èémí ènìyàn kì í gbẹ. Ọ̀rinrin tó mí jáde ti lẹ̀ mọ́ sípíríǹgì inú apá kejì, afẹ́fẹ́ tó tú fùù yẹn sì ti mú ibẹ̀ tutù. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí omi òkun dì títí yóò fi tutù tó nǹkan bíi −1.8°C, ọ̀rinrin èémí ò níyọ̀, 0°C ti tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí wọ́n fi ṣan régúlétọ̀ lánàá tí kò gbẹ tán. Ilé ló yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, níbi tó gbẹ tó sì móoru, tàbí kí wọ́n dúró di ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ti wà lábẹ́ omi.

Yìnyín tó bá há sípíríǹgì apá kejì kò ní jẹ́ kí fáàfù padà sáyè rẹ̀. Èyí tó bá há apá kìíní burú jù: agbára afẹ́fẹ́ inú rọ́bà tó so apá méjèèjì pọ̀ á máa ga sí i, á sì fi tipátipá ti apá kejì ṣí. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tú tó ni irin ń tutù tó, bí irin bá ṣe ń tutù tó ni yìnyín ń nípọn tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń di ojú apá kìíní pa kí omi má kàn án, tí wọn kì í sì í fẹ́ afẹ́fẹ́ sílíńdà sínú aṣọ ìmòòkùn àti jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú wọn léfòó lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe apá kejì kó lè jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ṣíṣí ni yóò ṣí, kò ní pa afẹ́fẹ́ mọ́ni lẹ́nu. Mo gbà pé ọgbọ́n ńlá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ìfófòó bò lójú kò ní rántí yìn ín. Kò gbọ́dọ̀ tu ú sọnù. Kó dẹ ètè, kí àpọ̀jù afẹ́fẹ́ máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu lọ, kó máa fà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa ẹ̀kọ gbígbóná mu, kó sì nawọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ fún régúlétọ̀ àfikún. Sílíńdà lítà 12 tó kún dẹ́nu ní afẹ́fẹ́ lítà 2400; free-flow lè gbọ̀n ọ́n gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti mítà 30, gígun òkè ní mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí wọ́n sì ṣe ń gòkè, wọn ò gbọ́dọ̀ sé èémí rárá.

Ẹni tó dúró ti ọkọ̀ á rí i lókè: omi á máa hó lójú kan bí ìkòkò orí iná. Á yọ jíà, á jìnnà díẹ̀ síbẹ̀, á máa retí orí wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé ẹrù wọnú ọkọ̀, omi òkun ti yọ́ yìnyín náà, régúlétọ̀ á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í gbé e wọ omi mọ́ lọ́jọ́ náà.