Títẹ̀lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ sí àjò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú ẹlòmíràn, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń bá a lọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú Premier League ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ní sáà kan, 19 nínú wọn sì jẹ́ ti àjò. Láti Bournemouth dé Newcastle tó nǹkan bí máìlì 350, àlọ nìkan nìyẹn. Nǹkan mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ lọ ń wá: tíkẹ́ẹ̀tì pápá, ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀, àti ilé ọtí tí yóò gbà á lálejò kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rọ̀ mọ́ aago tí wọ́n máa fọn fèrè àkọ́kọ́, aago yìí gan-an sì ni kì í dúró sójú kan.

Aago bọ́ọ̀lù

Inú oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń gbé ètò gbogbo sáà jáde, tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ á wà ní aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n á wá ṣa èyí tó wù wọ́n. Wọ́n lè sún un sí 12:30 tàbí 17:30 lọ́jọ́ Sátidé kan náà, sí 14:00 tàbí 16:30 lọ́jọ́ Àìkú, tàbí sí 20:00 alẹ́ ọjọ́ Ajé. Èyí tó bá ṣẹ́kù sí aago mẹ́ta Sátidé kì í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba rárá, torí pé wọ́n ti fi òfin ti àfihàn bọ́ọ̀lù ní tààràtà láti 14:45 di 17:15, kí àwọn èèyàn lè máa lọ sí pápá. Òfin náà kò dé Nàìjíríà: ẹni tó jókòó sílé ìwòran bọ́ọ̀lù n'Íbàdàn ń rí ohun tí ará Manchester kò lè rí ní yàrá rẹ̀. Ní ìgbà ooru wọn, aago mẹ́ta tiwọn ni aago mẹ́ta tiwa. Bí wọ́n bá ti dá aago padà ní ìparí oṣù Kẹwàá, ó di aago mẹ́rin.

Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹgbẹ́ àlejò fúnra rẹ̀ ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì apá àlejò. Nínú Premier League, onílé gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ààyè 3,000 fún wọn, tàbí ìdá 10 nínú 100 bí pápá náà kò bá gba tó 30,000 èèyàn. Nínú líìgì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 2,000 tàbí ìdá 10 nínú 100 ni. FA Cup lawọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àlejò lè béèrè títí dé ìdá 15 nínú 100, ìdí nìyẹn tí ariwo àlejò fi máa ń pọ̀ nínú ìdíje yẹn. Láti sáà 2016–17, tíkẹ́ẹ̀tì àlejò àgbàlagbà nínú Premier League kò gbọ́dọ̀ kọjá £30. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fún àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́: ọdún 2013 ni àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ ìjà náà, £20 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń béèrè.

Owó kọ́ ni ìṣòro, àǹfààní rírà ni ìṣòro. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń ka máàkì fún oníbàárà: iye àjò tí èèyàn ti lọ rí ni wọ́n fi ń pe àwọn èèyàn wá rà, àwọn tí máàkì wọn pọ̀ jù sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń tètè rí i rà fún ìdíje League Cup láàárín ọ̀sẹ̀ àti fún àjò tó jìnnà, ibẹ̀ ló ti ń kó máàkì jọ. Láti ọdún 1994, ìwà ọ̀daràn ni kí ẹni tí a kò yàn máa ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ iye tó rà á gan-an ló tà á. Bákan náà ni kò bọ́gbọ́n mu kí àlejò ra ti àárín onílé. Bó bá fò sókè nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n á mú un jáde, owó rẹ̀ sì ti lọ nìyẹn.

Ọ̀nà àtidébẹ̀

Rélùwéè ni ọ̀pọ̀ fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè olówó pọ́ọ́kú, èyí tí wọ́n ń pè ní Advance, máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà fún. Wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Bí aago bọ́ọ̀lù bá yí, ẹni náà á san £10 láti pààrọ̀ rẹ̀, á tún fi kún iye tí ọkọ̀ tuntun náà bá fi wọ́n jù ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n kì í ra Advance títí tẹlifíṣọ̀n fi máa kéde ohun tó mú. Bí kò bá lè dúró, Off-Peak ló yẹ kó rà, torí ó lè wọ ọkọ̀ èyíkéyìí láàárín wákàtí tí kò sí èrò púpọ̀. Káàdì ẹ̀dínwó rélùwéè ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà. Èèyàn mẹ́ta sí mẹ́sàn-án tó jọ ń lọ lè gba irú ẹ̀dínwó kan náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rélùwéè láìní káàdì kankan, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ jọ wọkọ̀ lálọ àti lábọ̀.

Àbọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó sanwó àlọ. Bọ́ọ̀lù aago mẹ́jọ alẹ́ ń parí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ kò sí rélùwéè tó ń ti Newcastle bọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́ ní wákàtí yẹn. Ẹni tí kò wò ó tẹ́lẹ̀ á sun ibùdókọ̀.

Bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣètò kò ní wàhálà yìí. Ó ń dúró de èrò, ẹnu ọ̀nà apá àlejò ló sì ń já wọn sí. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àwọn awakọ̀ ni kí wọ́n má ṣe débẹ̀ ju wákàtí méjì ṣáájú bọ́ọ̀lù, kí wọ́n má dúró níbikíbi láàárín máìlì 10 sí pápá láìjẹ́ pé ọlọ́pàá gbà, kí wọ́n sì gbéra láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí bọ́ọ̀lù bá parí. Ẹni tó bá ń wá ilé ọtí kò ní gbádùn rẹ̀ rárá. Fún àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ìjà ti pọ̀ rí, irú ti Cardiff àti Swansea ní Wales, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì tí ọlọ́pàá fọwọ́ sí nìkan ni àlejò lè gbà dé pápá.

Ilé ọtí

Ilé ọtí tó wà nídìí pápá gan-an, ti onílé ni. Èyí tó bá sún mọ́ ibùdókọ̀ rélùwéè, tó sì jìnnà díẹ̀ sí pápá, ló sábà máa ń gba àlejò. Àwọn kan ti gbajúmọ̀ fún un. Ní Fulham, Eight Bells wà nítòsí ibùdókọ̀ Putney Bridge. Láti ibẹ̀, àlejò á gba inú ọgbà Bishop's Park lẹ́bàá odò Thames, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, títí dé Craven Cottage, pápá Fulham. Ní Ipswich, Station Hotel ló dojú kọ ibùdókọ̀ rélùwéè. Ní Anfield, pápá Liverpool, ọjọ́ ti pẹ́ tí àlejò ti ń lo The Arkles. Griffin Park tí Brentford lò láti 1904 títí di 2020 ní ilé ọtí kan ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí pápá mìíràn nínú líìgì tó ní irú rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì ń dárò rẹ̀. Ti Brighton yàtọ̀ pátápátá: pápá wọn tí wọ́n ṣí ní 2011 wà ní Falmer, lẹ́yìn ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì. Àárín Brighton ni kí àlejò ti mu tirẹ̀ kó tó wọ rélùwéè kúkúrú lọ síbẹ̀, tàbí kó mu ún nínú pápá.

Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣọ́ méjì máa ń dúró níbẹ̀, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì á sì sọ bóyá onílé nìkan ni wọ́n ń gbà tàbí wọ́n ń gba àlejò tí kò wọ jẹ́sì. Ẹ̀ṣọ́ lè ní kí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì han òun. Orúkọ apá pápá tó wà lórí rẹ̀ ni yóò wò, ó sì ti mọ ẹni tó jẹ́ àlejò. Fífi jẹ́sì pamọ́ sábẹ́ kóòtù kò ní ran ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀tàn wọlé sáàárín onílé lọ́wọ́. Bí ahọ́n Ìjẹ̀bú ṣe ń hàn láàárín ará Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n Liverpool ṣe ń hàn ní Manchester, gbólóhùn kan péré ni.

Ibi tó dára jù láti béèrè ni ojú ewé tí ẹgbẹ́ onílé ṣe fún àlejò, lẹ́yìn náà kí èèyàn tẹ ilé ọtí náà láago ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ti sáà tó kọjá kò tó: ilé ọtí ń pààrọ̀ olówó, ọlọ́pàá sì lè ní kí wọ́n má gba àlejò fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan pàtó. Ìbéèrè mẹ́rin ló ṣe pàtàkì: ṣé wọ́n ń gba àlejò, ṣé wọ́n ń gba ọmọdé, aago mélòó ni wọ́n ń ṣí, ṣé oúnjẹ wà? Ọ̀pọ̀ ń ti ilé ìdáná lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù torí èrò, ife oníke ni wọ́n sì fi ń bu bíà. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ti 12:30, ilé ọtí tó ń ṣí ní aago 11 kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ní wákàtí yẹn, ilé oúnjẹ àárọ̀ ló yẹ kí èèyàn wá.

Òfin ọtí àti ẹnu ọ̀nà pápá

Òfin ọdún 1985 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé ọtí sínú bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè tí wọ́n dìídì háyà fún bọ́ọ̀lù, láti mutí níbi tí ojú ti tó pápá, àti láti wọ pápá pẹ̀lú ìmutípara. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọkọ̀ kékeré tó lè gbé ju èrò mẹ́jọ lọ kún un. Rélùwéè ojoojúmọ́ kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ rélùwéè lè kéde pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọtí wọ ọkọ̀ kan. Nínú pápá, wọ́n ń ta bíà ní gbọ̀ngàn tó wà lábẹ́ àwọn ìjókòó. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ mu ún tán níbẹ̀ kó tó gòkè. Scotland ti ṣe tiwọn ṣáájú, ní 1980, lẹ́yìn ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Rangers àti Celtic gbá àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ.

Ó yẹ kí àlejò kúrò nílé ọtí nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 45 sí bọ́ọ̀lù, nítorí yíyẹ ara wò ń gba àkókò. Ọ̀pọ̀ pápá kì í gba àpò tó tóbi ju ìwé A4 lọ. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí fóònù gbọ́dọ̀ ti gbà á sílẹ̀ kó tó débẹ̀, torí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dákú níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá kóra jọ sí. Ní Newcastle, kó fi àkókò kún un: ìpele keje lókè ni wọ́n ń fi àlejò sí, ìpele àtẹ̀gùn 14 ni wọ́n sì ń gùn kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè ṣètò ibòmíràn fún un.

Ní ìsàlẹ̀ líìgì, gbogbo rẹ̀ yí padà. Láti National League North àti South, ìyẹn ìpele kẹfà bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sísàlẹ̀, òfin 1985 kì í sábà ká wọn mọ́. Onílé àti àlejò jọ ń mutí nínú yàrá ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n á gbé ife wọn jáde sí ẹ̀gbẹ́ pápá, bí ìdajì àkókò bá sì tó, wọ́n á yí lọ sẹ́yìn àwọ̀n tí ẹgbẹ́ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù sí.