Owó gbà-má-bínú fún ìyọníṣẹ́ àìtọ́ ní Èkìtì

Owó gbà-má-bínú fún ìyọníṣẹ́ àìtọ́ ni owó tí ilé-ẹjọ́ ń pàṣẹ kí agbanisíṣẹ́ san fún òṣìṣẹ́ tó yọ níṣẹ́ láìtẹ̀lé àdéhùn. Ní Èkìtì, bó ṣe rí káàkiri Nàìjíríà, kóòtù National Industrial Court nìkan ló ń kọ́kọ́ gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, látàrí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní ọdún 2010.

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò. Òṣìṣẹ́ ló máa mú un wá, kó sì fi ibi tí wọ́n ti yẹ àdéhùn hàn. Bí kò bá rí i mú wá, ẹjọ́ lè fọ́ síbẹ̀.

Ká ní akọ̀wé kan ti lo ọdún 6 ní sọ́míìlì kan ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń gba ₦90,000 lóṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kó máa lọ ilé, láìsí nótíìsì. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá sọ pé nótíìsì oṣù 1, ₦90,000 ni gbà-má-bínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù 3, ó di ₦270,000. Ìtìjú tó bá a ládùúgbò kì í wọ inú ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́wàá tó lè fi wáṣẹ́ kiri kì í wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n náà le fún òṣìṣẹ́, òtítọ́ ni. Owó ọjọ́ tó ti ṣiṣẹ́ tí wọn ò san, gbèsè nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ka ìyẹn.

Bí lẹ́tà kò bá sọ nǹkan kan nípa nótíìsì, abala 11 Òfin Òṣìṣẹ́ ló máa sọ̀rọ̀: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 títí dé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 títí dé ọdún 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù gan-an ni wọ́n ń kà, àjẹmọ́nú àti owó iṣẹ́ àṣekún kò sí níbẹ̀. Òfin yìí kò kan àwọn ọ̀gá àti onímọ̀ṣẹ́. Àsìkò tó bá bójú mu ni adájọ́ ń wò fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yí padà fún ẹni tí òfin fúnra rẹ̀ dá ipò rẹ̀ sílẹ̀, bíi òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ tàbí olùkọ́ yunifásítì ìjọba. Ní ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ ìjọba ti gbilẹ̀ tó báyìí, ìyàtọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé. Ẹjọ́ Shitta-Bey, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní 1981 àti ti Olaniyan pẹ̀lú Yunifásítì Èkó ní 1985 fi hàn pé ilé-ẹjọ́ lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, kó sì gba gbogbo owó oṣù tó ti kọjá.

Lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn adájọ́ National Industrial Court kan ti ń fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ní owó tó ju ti nótíìsì lọ, nítorí ìwé òfin gbà wọ́n láyè láti lo ìlànà àgbáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba owó òpin iṣẹ́ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ láìjiyàn kò lè padà wá sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ òun kò tọ́, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe sọ nínú ẹjọ́ Morohunfola pẹ̀lú Kwara State College of Technology ní 1990.