Kí Awọ Tó Di Odidi: Bí Sọ́fítíwíà CAD Ṣe Ń Mọ̀ Pé Nǹkan Kò Jò

Wẹ́dà tó bá jó táǹkì tán ní Ìbàdàn kì í gbé e fún oníbàárà láìkọ́kọ́ rọ omi sí i. Omi ló máa fi ibi tí irin kò ti pàdé hàn án. Ohun kan náà ni sọ́fítíwíà CAD, èyí tí a fi ń ya àwòrán nǹkan tí a fẹ́ ṣe sórí kọ̀ǹpútà, máa ń ṣe kó tó gbà pé àwòrán kan ti kúrò ní awọ lásán, pé ó ti di odidi: ó ń wò ó bóyá ó ń jò.

Awọ ni ojú nǹkan tí a yà sórí kọ̀ǹpútà tí kò nípọn rárá. Bébà tó fẹ́lẹ́ jù lọ ṣì nípọn díẹ̀. Ti awọ jẹ́ òdo. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò wúwo, kò sì ní inú. Odidi ní inú, ó ní ìta, a sì lè bi kọ̀ǹpútà pé irin mélòó ló máa gbà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé sọ́fítíwíà máa ń da nǹkan kún inú awọ kó tó di odidi. Kò da nǹkan kan sí i. Awọ àná náà ló ṣì wà níbẹ̀, àfi pé kò sí ẹnu tó là sílẹ̀ mọ́, ó sì ti wá ṣeé sọ pé ibí ni inú, ibí ni ìta.

Etí, ìyẹn ìlà tí ojú kan parí sí, ni sọ́fítíwíà ń kà láti mọ èyí. Nínú odidi, ojú méjì péré ló gbọ́dọ̀ pàdé ní etí kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká mú họ́pà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ẹnu tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí. Ká ní òkè rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìsàlẹ̀ fẹ̀ ní 20, ó sì ga ní 40. Ojú mẹ́rin la yà. Tí a bá rán wọn pọ̀, etí 12 ló máa wà. Mẹ́rin tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ti ní ojú méjì-méjì, ṣùgbọ́n mẹ́jọ yòókù, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, dá wà: ojú kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ibẹ̀ ló ti ń jò. Tí a bá fi ojú kan dé òkè, tí a fi òmíràn dí ìsàlẹ̀, kò ní sí etí tó dá wà mọ́, sọ́fítíwíà á sì gbà á ní odidi.

Orúkọ rírán yìí yàtọ̀ láti sọ́fítíwíà CAD kan sí òmíràn: Fusion ń pè é ní Stitch, Rhino ń pè é ní Join. Ní SolidWorks, Knit Surface ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi àmì sí Create solid níbẹ̀ máa rán an tán, á ṣì bá awọ. FreeCAD, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú Shape Builder: a kọ́kọ́ kó àwọn ojú jọ di èèpo, lẹ́yìn náà a sọ èèpo di odidi.

Àmọ́ họ́pà tí a dé tòkè-tìsàlẹ̀ yẹn, ṣé họ́pà ṣì ni? Inú rẹ̀ gba líta 69. Ní ti kọ̀ǹpútà, gbogbo líta 69 yẹn ti di irin, ó sì máa sọ pé ó wúwo tó kílò 544. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní mìlímítà 2 ni wẹ́dà máa fi ṣe é, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílò 11 lọ. Ohun tó yẹ họ́pà ni kí a fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, kí a lo Thicken láti fún awọ náà ní ìnípọn mìlímítà 2. Ìyẹn náà ń di odidi. Púlì tí wọ́n fẹ́ yọ́ álúmíníọ̀mù rọ ni dídé pa tọ́ sí.

Ibi tó ti máa ń le ni fáìlì tó ti sọ́fítíwíà mìíràn wá, pàápàá fáìlì irú IGES, èyí tí wọ́n fi ń gbé àwòrán láti sọ́fítíwíà kan sí òmíràn, tó ti wà láti 1980. Ojú kọ̀ọ̀kan lè dé ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àlàfo mìlímítà 0.02 wà láàárín wọn. Ojú ènìyàn kò lè rí i, kọ̀ǹpútà rí i. A lè ní kó gbójú fo àlàfo tó tó mìlímítà 0.05. Ẹni tó bá sọ ọ́ di mìlímítà 1 ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ ni, torí sọ́fítíwíà lè fa etí kúrò níbi tó yẹ kó wà, kó sì gbé àwọn ojú kéékèèké mì. Ó sàn kí a pa ojú tó ní àbùkù rẹ́, kí a tún un yà. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe àlàfo: ojú kan ló sùn lé èkejì rẹ̀ lórí nítorí a dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì, etí kan wá ní ojú mẹ́ta.

Tó bá ti rán tán, kí a bi í pé líta mélòó ni. Tí họ́pà tí a dé bá mú 69 jáde, ó pé. Tó bá jẹ́ 69 náà ni, tí àmì àyọkúrò wà níwájú rẹ̀, àwọn ojú náà ti kọ òdì síta bí aṣọ tí a wọ̀ lódì. Kí a yí wọn padà, kí a tún bi í.